Òṣìṣẹ́ Olówó-Oṣù àti Agbaṣẹ́ṣe: Èwo Ló Ń Náni Lówó Jù?

Mẹ́ta nínú àwọn lẹ́tà tó tẹ̀ wá lọ́wọ́ lóṣù yìí dá lórí ọ̀rọ̀ kan náà, méjì láti ọ̀dọ̀ agbanisíṣẹ́, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ òṣìṣẹ́. Èyí àkọ́kọ́ ni a ó dúró lé lórí jù, nítorí irú rẹ̀ wọ́pọ̀ púpọ̀ ní Àbújá àti agbègbè rẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin olóòtú wa, mo kí yín. Ilé ìránṣọ ni mo ní ní Kubwa, a máa ń rán aṣọ ilé-ìwé fún àwọn ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni, a sì máa ń gba iṣẹ́ aṣọ òṣìṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn ilé-iṣẹ́. Èèyàn mẹ́sàn-án ló ń bá mi ṣiṣẹ́, ₦120,000 ni mo sì ń san fún télọ̀ kọ̀ọ̀kan lóṣù. Ọ̀rẹ́ ọkọ mi kan gbà mí nímọ̀ràn pé kí n fagi lé owó oṣù, kí n fún gbogbo wọn ní ìwé pé agbaṣẹ́ṣe ni wọ́n, kí n sì máa sanwó fún wọn ní iye aṣọ tí wọ́n bá rán. Ó ní èyí yóò gbà mí lọ́wọ́ owó ìfẹ̀yìntì, owó ITF (àjọ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́), owó NSITF (àjọ ẹ̀san òṣìṣẹ́) àti wàhálà owó orí. Wọn kò ní kúrò nínú ṣọ́ọ̀bù mi, máṣíìnì mi náà ni wọn yóò sì máa lò. Ṣé òótọ́ ni pé owó yóò ṣẹ́kù sí mi lọ́wọ́?
Onílé ìránṣọ, Kubwa

ÌDÁHÙN: Ẹ kú iṣẹ́, ìyá wa. Kí a tó sọ bóyá ìmọ̀ràn náà dára tàbí kò dára, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ ṣírò ohun tí òfin ní kí ẹ fi kún ₦120,000 náà, nítorí ọ̀pọ̀ agbanisíṣẹ́ ló ń sá fún ẹrù tí wọn kò tíì gbé wò. Ti owó ìfẹ̀yìntì kọ́ ló yẹ kó já yín láyà. Òfin owó ìfẹ̀yìntì ti ọdún 2014 sọ ọ́ di dandan fún ilé-iṣẹ́ aládàáni tó bá ní òṣìṣẹ́ 15 ó kéré tán; agbanisíṣẹ́ á san ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún, òṣìṣẹ́ á san ìdá 8, lórí àpapọ̀ owó oṣù gan-an, owó ilé àti owó ọkọ̀. Òṣìṣẹ́ mẹ́sàn-án ni ẹ ní, nítorí náà òfin yìí kò tíì fi dandan mú yín. Èyí tó kàn yín ni ti NSITF, lábẹ́ òfin ọdún 2010 tó wà fún ẹ̀san òṣìṣẹ́ tó bá fara pa tàbí tó kú sẹ́nu iṣẹ́. Ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún àpapọ̀ owó oṣù tí ẹ ń san ni, àpò agbanisíṣẹ́ ló sì gbọ́dọ̀ ti jáde, ẹ kò gbọdọ̀ yọ ọ́ lára owó télọ̀ yín. Ti ITF náà kàn yín, nítorí òṣìṣẹ́ márùn-ún ti tó láti mú ilé-iṣẹ́ wọ inú rẹ̀. Òun náà jẹ́ ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún àpapọ̀ owó oṣù ọdún kan.

Ní ti ìṣirò, ₦1,200 fún NSITF àti ₦1,200 fún ITF lórí télọ̀ kan lóṣù kan já sí ₦28,800 lọ́dún. Tí gbogbo àwọn mẹ́sẹ̀ẹ̀sán bá ń gba iye kan náà, gbogbo ohun tí ẹ ó san fún àjọ méjèèjì lọ́dún kò ju ₦259,200 lọ. Mo rọ̀ yín kí ẹ gbé iye yìí sẹ́gbẹ̀ẹ́ owó epo jẹnẹrétọ̀ yín fún ọdún kan, kí ẹ wo èyí tó pọ̀ jù. Bí ẹ bá dàgbà tí òṣìṣẹ́ yín pé 15, ọ̀rọ̀ yóò yí padà, nítorí ìdá 10 ti owó ìfẹ̀yìntì yóò wọlé, ẹ ó sì tún ra ìbánigbófò ẹ̀mí fún wọn, èyí tí òfin ní kò gbọdọ̀ dín ní ìlọ́po mẹ́ta owó ọdún kan ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ọ̀rọ̀ ìgbà tó bá yá nìyẹn.

Èyí tí wọ́n ń pè ní PAYE kì í ṣe owó yín rárá. Owó orí òṣìṣẹ́ ni, ẹ kàn ń bá ìjọba gbà á ni. Lábẹ́ òfin owó orí tuntun tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù January 2026, kò sí owó orí lórí ₦800,000 àkọ́kọ́ tó bá wọlé fún èèyàn lọ́dún, ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún ló sì wà lórí ₦2,200,000 tó tẹ̀lé e. Télọ̀ yín tó ń gba ₦1,440,000 lọ́dún yóò san owó orí lórí ₦640,000, èyí tó jẹ́ ₦96,000, ìyẹn ₦8,000 lóṣù, kí a tó yọ ìdẹ̀kùn tó wà fún ẹni tó ń san owó ilé. Ọjọ́ kẹwàá oṣù tó tẹ̀lé e ni gbèdéke. Bí ẹ bá kọ̀ láti yọ ọ́, ọ̀dọ̀ yín ni ìjọba yóò ti béèrè rẹ̀ pẹ̀lú owó ìtanràn, ìgbà yẹn ni yóò wá di owó yín. Ohun kan tí àwọn ará Àbújá kì í ṣàkíyèsí ni pé ibi tí òṣìṣẹ́ ń gbé ni owó orí rẹ̀ ń lọ. Télọ̀ tó ń gbé ní Kubwa, FCT-IRS, àjọ owó orí ti Àbújá, ló ni tirẹ̀. Èyí tó ń ti Suleja wá láràárọ̀, Ìpínlẹ̀ Niger ló ni tirẹ̀.

Àwọn ìnáwó mìíràn tún wà tí wọn kì í hàn nínú ìwé owó oṣù. Òfin iṣẹ́ fún òṣìṣẹ́ tó ti lo oṣù méjìlá ní ìsinmi ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́fà, ó kéré tán, pẹ̀lú owó. Ó fún un ní ọjọ́ àìsàn tó lè tó 12 lọ́dún. Ó sì fún obìnrin tó bá ti lo oṣù mẹ́fà lẹ́nu iṣẹ́ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ṣáájú ìbímọ àti mẹ́fà lẹ́yìn rẹ̀, pẹ̀lú ìdajì owó rẹ̀, ó kéré tán. Lórí ₦120,000 lóṣù, ìdajì owó ọ̀sẹ̀ méjìlá jẹ́ bí ₦166,000. Mo mọ̀ pé iye yìí ló ń mú kí àwọn kan máa sá fún gbígba obìnrin síṣẹ́, ó sì ń dùn mí, pàápàá nínú iṣẹ́ ìránṣọ tí ọwọ́ obìnrin gbé ró. Bí ẹ bá sì fẹ́ dá ẹni tó ti lo ọdún méjì ṣùgbọ́n tí kò tíì pé márùn-ún dúró, ọ̀sẹ̀ méjì ni ìfilọ̀ rẹ̀, ní kíkọ sílẹ̀. Tó bá ti pé ọdún márùn-ún, oṣù kan ni.

Ẹ ó rí i pé kò sí èyí tó wúwo tó láàrin gbogbo èyí láti fọ́ ilé ìránṣọ. Ohun tó ń jẹ owó yín ni oṣù tí iṣẹ́ kò sí. Ẹ̀yin fúnra yín mọ̀ pé oṣù August àti September, kí ilé-ìwé tó wọlé, ni ẹ kì í sùn. Tó bá di February, télọ̀ mẹ́rin lè jókòó ti máṣíìnì láti àárọ̀, kí wọ́n máa tún bọ́tìnnì ṣe, owó oṣù kò sì dúró de iṣẹ́. Níbí gan-an ni ìyàtọ̀ òṣìṣẹ́ olówó-oṣù àti agbaṣẹ́ṣe wà. Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ kan yẹ̀ ẹ́ wò. Ká ní télọ̀ kan tó ní ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ ní Garki gbà láti máa rán aṣọ ilé-ìwé kan ní ₦3,000, pẹ̀lú máṣíìnì, iná àti òwú tirẹ̀. Télọ̀ olówó-oṣù yín ń ná yín ní ₦1,440,000 àti ₦28,800 lọ́dún. Ẹ fi ₦25,000 lóṣù kún un fún ìpín tirẹ̀ nínú owó ṣọ́ọ̀bù, epo, òwú àti àtúnṣe máṣíìnì, ìyẹn ₦300,000 lọ́dún. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦1,768,800. Ẹ pín in sí ₦3,000, ẹ ó rí bí aṣọ 590 lọ́dún, bí 49 lóṣù. Télọ̀ yín tó bá ń rán ju 49 lọ lóṣù, tí a bá da gbogbo ọdún pọ̀, ó dín owó fún yín ju agbaṣẹ́ṣe lọ. Èyí tí kò bá tó bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ tí ẹ ní ni kò tó o, kì í ṣe owó NSITF ló ń pa yín lára. Ẹ fi iye tiyín rọ́pò tèmi, kí ẹ sì ṣe é fún ẹnì kọ̀ọ̀kan.

Ẹ wá wo ìmọ̀ràn tí wọ́n fún yín. Télọ̀ tó ń dé ní aago mẹ́jọ nítorí pé ẹ ní kó dé ní aago mẹ́jọ, tó ń jókòó sórí àga yín, tó ń fi máṣíìnì yín rán aṣọ tí ẹ gé, tí kò lè rán ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ rẹ̀ wá dípò ara rẹ̀, òṣìṣẹ́ ni, bí ìwé tó fọwọ́ sí tilẹ̀ pè é ní agbaṣẹ́ṣe nígbà mẹ́wàá. Ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ti la èyí sílẹ̀ ní ọdún 2008 nínú ẹjọ́ Shena Security àti Afropak: wọn yóò wò ó bóyá owó oṣù ni tàbí owó iṣẹ́, ta ló ni irinṣẹ́, ta ló ń pàṣẹ àkókò, ibo ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́, àti bóyá ẹni náà lè gbé iṣẹ́ fún ẹlòmíràn. Ilé-ẹjọ́ tí a ń pè ní National Industrial Court, tó ń gbọ́ ẹjọ́ òṣìṣẹ́ ní orílẹ̀-èdè yìí, bí nǹkan ṣe rí gan-an ló máa ń wò. Sísan owó ní iye aṣọ nìkan kò lè sọ télọ̀ inú ṣọ́ọ̀bù yín di agbaṣẹ́ṣe. Òfin ẹ̀san òṣìṣẹ́ ti 2010 tilẹ̀ nasẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó ka òṣìṣẹ́ ìgbà díẹ̀ àti ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ mọ́ òṣìṣẹ́.

Ẹ ronú sí ọ̀sán ọjọ́ kan ní September, tí abẹ́rẹ́ máṣíìnì gún télọ̀ yín wọ èékánná, tó kán sínú ìka, tí dókítà ní iṣẹ́ abẹ ni yóò yọ ọ́. Bí ẹ bá ti ń san ₦1,200 lóṣù lórí rẹ̀, ẹ ó jábọ̀ fún NSITF, owó ìtọ́jú rẹ̀ yóò sì ní ibi tí a ti máa béèrè rẹ̀. Bí ẹ bá ti pè é ní agbaṣẹ́ṣe kí ẹ má baà san án, ẹ̀yin àti òun ni yóò jọ máa wo ojú ara yín ní ilé ìwòsàn. Mi ò lè gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn pé kó fi ìka ọmọ ọlọ́mọ ṣọ́ ₦1,200.

Ẹ ní ẹ ń gba iṣẹ́ aṣọ òṣìṣẹ́. Bí ẹ bá fẹ́ kí iṣẹ́ irú bẹ́ẹ̀ ti ọwọ́ ilé-iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ wá lọ́jọ́ kan, ẹ mọ̀ pé ìwé ẹ̀rí PenCom (àjọ owó ìfẹ̀yìntì), ITF àti NSITF wà lára ohun tí wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ díje. Ní ìlú Àbújá tí ìjọba ti jẹ́ oníbàárà ńlá, ẹni tó fi orúkọ òṣìṣẹ́ rẹ̀ pamọ́ ti fọwọ́ ara rẹ̀ ti ilẹ̀kùn náà.

Ohun tí mo rò pé ó bá ilé ìránṣọ yín mu ni kí ẹ mú àwọn télọ̀ tí iṣẹ́ wọn ń kọjá iye tí ẹ ṣírò, kí ẹ fi wọ́n sí owó oṣù dáadáa, kí ẹ fún wọn ní ìwé iṣẹ́ láàrin oṣù mẹ́ta bí òfin ṣe wí, kí ẹ sì gbé àpọ̀jù iṣẹ́ August àti September fún agbaṣẹ́ṣe tòótọ́, ẹni tó ní ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀, tó ní oníbàárà mìíràn, tó sì lè sọ fún yín pé òun kò ráyè. Nínú ìwé àdéhùn rẹ̀, ẹ kọ iye aṣọ, ọjọ́ tí yóò kó o wá, ẹni tí yóò ra òwú àti bọ́tìnnì, àti ẹni tí yóò tún aṣọ tó bá bàjẹ́ rán láìgba kọ́bọ̀ sí i. Gbólóhùn ìkẹyìn yẹn ṣe pàtàkì ju iye owó lọ, nítorí aṣọ ọgọ́rùn-ún tí kọ́là rẹ̀ wọ́, tí ẹ tún ní láti tú rán nínú ṣọ́ọ̀bù yín, ti jẹ gbogbo èrè tí ẹ rò pé ẹ jẹ.

ÌBÉÈRÈ: Ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni ni mo ní ní Kaduna. Ilé-iṣẹ́ aláàbò kan ló ń fún mi ní ọlọ́dẹ́, ₦130,000 ni wọ́n ń gbà lórí ọlọ́dẹ́ kan lóṣù, láìka VAT (owó orí ọjà). Ọlọ́dẹ́ náà sọ fún mi pé ₦55,000 ni òun ń rí gbà. Ṣé kò ní dín owó fún mi bí mo bá gbà á síṣẹ́ fúnra mi?
Olùdásílẹ̀ ilé-ẹ̀kọ́, Kaduna

ÌDÁHÙN: Ó lè dín owó, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ béèrè ohun tí ₦75,000 tó wà láàrin ń ṣe. Ilé-iṣẹ́ aláàbò tó ní òṣìṣẹ́ 25 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kò gbọdọ̀ san owó tó dín ní ₦70,000 fún òṣìṣẹ́ alákòókò kíkún, ìyẹn owó oṣù tó kéré jù lọ láti ọdún 2024. Bí wọ́n bá san ₦70,000, tí gbogbo rẹ̀ sì wọ ìṣirò owó ìfẹ̀yìntì, ìdá 10 jẹ́ ₦7,000, NSITF ₦700, ITF ₦700, àpapọ̀ ₦78,400. Ohun tó bá kù, ₦51,600, ni wọ́n fi ń ra aṣọ àti bàtà, tí wọ́n fi ń san owó alábòójútó, tí wọ́n fi ń wá ẹlòmíràn lálẹ́ tí ọlọ́dẹ́ yín bá ṣàìsàn, tí wọ́n sì fi ń jẹ èrè. Kò burú bí wọ́n bá ń ṣe gbogbo rẹ̀. Bí ọlọ́dẹ́ bá ń gba ₦55,000, tí wọn kò sì lè fi ìwé owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ hàn yín, owó òfin ni ẹ ń san fún ohun tí òfin kò fọwọ́ sí. Ẹ béèrè ìwé náà, kí ẹ sì béèrè ìwé àṣẹ wọn, nítorí ilé-iṣẹ́ aláàbò aládàáni wà lábẹ́ ìṣọ́ àjọ Sífù Dìfẹ́ńsì.

Bí ẹ bá gbà á fúnra yín, ₦9,750 VAT orí rẹ̀ yóò kúrò, ṣùgbọ́n ẹ̀yin ni yóò máa wá ẹni tó máa ṣọ́ ẹnu géètì ní òru ọdún Iléyá. Ẹ má sì gbàgbé pé òun náà yóò wọ iye òṣìṣẹ́ yín. Bí olùkọ́ àti òṣìṣẹ́ yín bá jẹ́ 14 tẹ́lẹ̀, òun ni yóò sọ wọ́n di 15, tí owó ìfẹ̀yìntì yóò sì di dandan lórí gbogbo wọn.

ÌBÉÈRÈ: Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni mo ń ṣe ní ọ́fíìsì kan ní Wuse, Mararaba ni mo ń gbé. ₦250,000 ni owó oṣù mi. Ọ̀gá mi ní kí n fọwọ́ sí ìwé tuntun pé agbaṣẹ́ṣe ni mí, pé òun yóò máa san ₦280,000. A ju ogún lọ níbẹ̀. Ṣé àfikún owó nìyí?
Òṣìṣẹ́, Mararaba

ÌDÁHÙN: Rárá, bí ẹ bá kà á dé ìsàlẹ̀. Ọ̀gá yín ń san ìdá 10 fún owó ìfẹ̀yìntì yín, tó bá jẹ́ pé lórí gbogbo owó oṣù náà ni, ₦25,000 ni. Ìsinmi ọ̀sẹ̀ méjì lọ́dún, bí ẹ bá ní i, tó ₦115,000, tàbí bí ₦9,600 lóṣù. Méjèèjì ti kọjá ₦30,000 tí wọ́n fẹ́ fi kún un. Ìbánigbófò ẹ̀mí yín náà yóò lọ. Ìlọ́po mẹ́ta owó ọdún kan yín jẹ́ ₦9,000,000, owó tí ìdílé yín ì bá rí gbà bí ohun tí a kò fẹ́ bá ṣẹlẹ̀. Lẹ́yìn èyí, wọn yóò máa yọ ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún lára owó iṣẹ́ yín fún owó orí kó tó dé ọwọ́ yín, ìyẹn ₦14,000 lóṣù, ìlọ́po méjì rẹ̀ ni yóò sì jẹ́ bí ẹ kò bá ní nọ́ńbà owó orí. Owó yẹn kò sọnù, ẹ lè fi ìwé rẹ̀ dín owó orí ọdún yín kù, ṣùgbọ́n ẹ̀yin fúnra yín ni yóò máa kọ ìṣirò ránṣẹ́ sí Ìpínlẹ̀ Nasarawa, nítorí ibẹ̀ ni Mararaba wà, kí ọjọ́ 31 oṣù March tó kọjá lọ́dọọdún.

Bí ẹ ó bá ṣì máa wọ ọ́fíìsì kan náà ní aago kan náà, tí ẹ ó máa lo kọ̀ǹpútà wọn, ohun tí a sọ fún ìyá onílé ìránṣọ ní Kubwa kan ọ̀gá yín pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé lóòótọ́ ni ẹ ó máa ṣiṣẹ́ láti ilé yín, tí ẹ ó lè gba iṣẹ́ ẹlòmíràn, tí ó sì wù yín bẹ́ẹ̀, ẹ má fọwọ́ sí iye tó dín ní ₦285,000, kí ẹ sì fi owó ìbánigbófò ìlera, owó dátà, owó iná àti iye tí kọ̀ǹpútà yín ń jẹ lóṣù kún un. Òfin owó ìfẹ̀yìntì 2014 gba ẹni tó ń ṣiṣẹ́ fúnra rẹ̀ láyè láti máa fi owó pamọ́ fún ìgbà ogbó. Ẹ yọ ₦25,000 yẹn síbẹ̀ lóṣooṣù kí ẹ tó fọwọ́ kan ìyókù.